Orí Kẹrin: Àwọn Àìsàn Tó Wọ́pọ̀ Lára Píjò 504 Àgbà àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣírò Owó Àtúnṣe Rẹ̀

Ọdún 1968 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ti ilẹ̀ Faransé gbé ọkọ̀ 504 jáde, ọkọ̀ náà sì gba oyè ọkọ̀ tó ta yọ jù lọ ní Yúróòpù fún ọdún 1969, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Peugeot tí wọ́n ṣí sí Kàdúná ní oṣù kẹta ọdún 1975 ni ó sọ ọ́ di ọkọ̀ tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ti dáwọ́ ṣíṣe sàlúùnù rẹ̀ dúró ní ọdún 1983, Kàdúná ṣì ń to ó títí ó fi wọ ọ̀rúndún kọkànlélógún, ìdí sì nìyí tí 504 fi ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní Òkè-Ọ̀dàn, Ìlaròó, Ayétòrò àti Ìdí-Ìrókò, ní agbègbè Yewa tó bá orílẹ̀-èdè Benin pààlà, yálà sàlúùnù tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan rà nígbà kan rí tí ó sì fi sílẹ̀ fún ọmọ, tàbí ẹsitéètì ẹlẹ́yìn gígùn tí wọ́n fi kó èrò, tàbí pikọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń kó ẹrù oko.

Ẹni tó bá rò pé ọkọ̀ iṣẹ́ lásán ni 504 kò mọ ìtàn rẹ̀ tán. Ilé-iṣẹ́ Pininfarina ti Ítálì ya irú rẹ̀ tó ní ilẹ̀kùn méjì fún àwọn olówó tó fẹ́ràn eré sísá, 504 sì gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ti ilẹ̀ Kẹ́ńyà ní ọdún 1975 àti ní ọdún 1978, nínú eruku, ẹrẹ̀ àti kòtò. Àwọn ohun tó jẹ́ kí ó borí níbẹ̀, ìyẹn sípíríǹgì tó ń lọ sókè-sódò gidigidi, ara tó ga kúrò nílẹ̀ àti ẹ́ńjìnì tí kò díjú, náà ni ó jẹ́ kí ó fara da ọ̀nà ilẹ̀ pupa Yewa. Síbẹ̀, irin kì í ṣe òkúta, rọ́bà kì í sì í ṣe irin, ọkọ̀ tó bá ti lo ogún ọdún sókè gbọ́dọ̀ ní àìsàn.

Ohun kan ni orí ìwé yìí fẹ́ kí ó yé òǹkàwé: nínú 504, nǹkan ńlá kì í dédé bàjẹ́. Nǹkan kékeré tí ẹni tó ni ọkọ̀ fojú fò, tàbí tí mẹkáníìkì dọ́gbọ́n sí dípò kí ó tún un ṣe, ni ó máa ń bí ìnáwó ńlá. Nítorí náà, bí ìnáwó ṣe ń ti ara ìnáwó mìíràn jáde ni àlàyé tó wà nísàlẹ̀ yìí yóò máa tẹ̀ lé, ẹ́ńjìnì tó ń lo bẹntiróòlù sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lé.

Ìgbóná ẹ́ńjìnì

Ìgbóná àpọ̀jù ni baba àìsàn 504. Irin ni wọ́n fi ṣe ìdí ẹ́ńjìnì rẹ̀, àlùmíníọ́ọ̀mù ni wọ́n sì fi ṣe orí rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù, bẹ́ẹ̀ ni àlùmíníọ́ọ̀mù máa ń fẹ̀ ju irin lọ bí ooru bá mú un. Láàrin àwọn méjèèjì ni tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì wà, ìyẹn pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó ń dènà kí omi, ọ́ìlì àti iná má bà á pàdé ara wọn. Bí ọkọ̀ bá gbóná kọjá ààlà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orí náà lè tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì a jóná, omi a sì máa wọ inú ọ́ìlì. Àmì tí ẹni tó ni ọkọ̀ fi lè mọ̀ ni pé ọ́ìlì tó wà lẹ́nu ọ̀pá ìwọn yóò dà bí ògì tí wọ́n bu mílíìkì sí, tàbí kí omi ràdíétọ̀ máa hó gùlù-gùlù nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, tàbí kí èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró máa jáde látẹ̀yìn.

Orísun ìgbóná yìí pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù lọ. Àkọ́kọ́ ni ràdíétọ̀ tí ìpata àti ẹrọ̀fọ̀ ti dí, nítorí pé omi kànga àti omi odò ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń bù sí i, tí wọn kì í sì í fi omi aláwọ̀ tó ń dènà ìpata kún un. Èkejì ni ìdérí ràdíétọ̀, ohun kékeré tí àwọn ènìyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ òun ni ó ń há ìfúnpá mọ́ inú, kí omi tó yẹ kí ó hó ní ìwọ̀n 100°C lè kọjá bẹ́ẹ̀ kí ó tó hó. Bí rọ́bà etí rẹ̀ bá ti gbẹ, omi yóò máa tú dànù lójú ọ̀nà láìsí ibi kankan tó lu. Ẹ̀kẹta ni fáànù, ó sì yẹ kí àlàyé gùn díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé ti 504 yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà rẹ̀.

Fáànù 504 kì í yí ní gbogbo ìgbà. Mágínẹ́ẹ̀tì tó ń lo iná bátìrì ni ó ń fà á mọ́ orí wọ́tà pọ́ǹpù, ẹ̀rọ tó ń ti omi káàkiri ẹ́ńjìnì, nígbà tí omi bá gbóná tó ìwọ̀n tí wọ́n yàn fún un. Bí omi bá sì tutù, mágínẹ́ẹ̀tì a tú u sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnì lè sinmi ẹrù rẹ̀. Kábọ̀nù kékeré kan, irú èyí tó wà nínú aotanétọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣe iná fún bátìrì, ni iná ń gbà dé ibẹ̀. Bí kábọ̀nù yìí bá jẹ tán, tàbí bí ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ ìgbóná omi bá kú, fáànù yóò wà níbẹ̀ láìyí, ọkọ̀ kò sì ní fi hàn níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń sáré lójú ọ̀nà gbangba, torí pé afẹ́fẹ́ ọ̀nà ń tu ú lára. Ìgbà tí ó bá dé ibi tí ọkọ̀ pọ̀ sí, bí ọjà tàbí ibùdó àyẹ̀wò àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, ni abẹ́rẹ́ ìgbóná yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le: kí ríwáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, fi wáyà gbé iná gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń mọ ìgbóná kọjá. Bí fáànù bá lẹ̀ mọ́ ibi tí ó yẹ tó sì yí, ẹ̀rọ náà ni ó kú. Bí kò bá yí, kábọ̀nù, wáyà, tàbí àlàfo tó wà láàrin mágínẹ́ẹ̀tì àti fáànù ni kí wọ́n wò. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń fi nọ́ọ̀tì dè é pa kí ó máa yí títí, èyí tó dára fún ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kú sọ́nà, ṣùgbọ́n tó ń jẹ epo tó sì ń pariwo bí wọ́n bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé orí títú tọ́ọ̀pù, ó yẹ kí ẹni tó ni ọkọ̀ dúró ti iṣẹ́ náà, nítorí pé ibẹ̀ ni owó ti máa ń di ìlọ́po. Sílíífù, ìyẹn páìpù irin tí pisitíìnì ń lọ sókè-sódò nínú rẹ̀, kì í ṣe ara kan náà pẹ̀lú ìdí ẹ́ńjìnì 504. Wọ́n kàn tì í bọ inú omi ni, ohun tó sì ń dènà omi nísàlẹ̀ rẹ̀ ni òrùka tín-ín-rín kan. Bí mẹkáníìkì bá já tọ́ọ̀pù sókè tagbáratagbára, tàbí tí ó yí ẹ́ńjìnì nígbà tí tọ́ọ̀pù ti kúrò láìfi ohunkóhun tẹ àwọn sílíífù mọ́lẹ̀, sílíífù yóò gbéra, òrùka ìsàlẹ̀ yóò yẹ̀, omi yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú agbada ọ́ìlì. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ mi tọ́ọ̀pù sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi já, kí wọ́n tó gbé e, kí wọ́n sì fi nọ́ọ̀tì àti àwọn pẹlẹbẹ irin tẹ sílíífù mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọn yóò gbé tọ́ọ̀pù lọ sọ́dọ̀ oníléètì kí ó fá ojú rẹ̀ kí ó tẹ́jú, wọn yóò sì rí i pé etí sílíífù yọ díẹ̀ ju ìdí ẹ́ńjìnì lọ, torí ibẹ̀ ni gásíkẹ́ẹ̀tì yóò ti dì mú. Ẹni tó bá ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tí kò fá ojú tọ́ọ̀pù tó ti tẹ̀ yóò ra òmíràn láìpẹ́.

Epo àti iná

Ẹ́ńjìnì 504 tó pọ̀ jù ní Nàìjíríà ní agbára 1,796 tàbí 1,971 sẹ́ńtímítà onígun mẹ́ta, kábúrétọ̀ ni ó sì ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ fún un. Inú kábúrétọ̀ ni ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà wà, ìdọ̀tí kékeré bí iyẹ̀pẹ̀ sì tó láti dí i. Ní ẹnubodè, ọ̀rọ̀ yìí ju bí ó ṣe rí níbòmíràn lọ, nítorí pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni àṣẹ ìjọba jáde pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàrin kìlómítà 20 sí ẹnubodè, ọ̀pọ̀ awakọ̀ sì wá gbára lé epo inú kẹ́ẹ̀gì, èyí tí omi, iyẹ̀pẹ̀ àti kẹrosíìnì lè wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń kọ́ bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe nígbà tí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, tàbí tó ń kú nígbà tí ó bá dúró sójú kan, kí wọ́n má tíì ra kábúrétọ̀ mìíràn; kí wọ́n kọ́kọ́ tú tánkì epo sílẹ̀ kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi fílítà tuntun sí i, kí wọ́n tó fọ kábúrétọ̀, nítorí pé bí wọ́n bá fọ kábúrétọ̀ tí ìpata tánkì ṣì wà, ọ̀sẹ̀ kejì ni iṣẹ́ náà yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àìsàn tí wọ́n ń sọ pé ti epo ni ó sì jẹ́ ti iná. Kọ́ńtáàtì, irin kékeré méjì tó ń pàdé tó ń já nínú dìsìtíríbútọ̀ kí kọ́ìlì lè bí iná fún plọ́ọ̀gì, máa ń jẹ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kọ̀ńdẹ́ńsà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì lè kú nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná tí yóò sì tún jí nígbà tí ó bá tutù. Ọkọ̀ tó bá kú lọ́sàn-án gangan tó sì ṣí nírọ̀lẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, kọ̀ńdẹ́ńsà tàbí kọ́ìlì ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Owó pọ́ọ́kú ni àwọn nǹkan wọ̀nyí, awakọ̀ tó gbọ́n sì máa ń ní kọ́ńtáàtì kan àti kọ̀ńdẹ́ńsà kan nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

Kíláàṣì, gíà àti ẹ̀yìn ọkọ̀

Nínú 504, ọ̀pá tó ń gbé agbára láti inú gíà lọ sẹ́yìn wà nínú páìpù irin líle kan tó so àpótí gíà pọ̀ mọ́ difíráńṣà, ìyẹn àpótí tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ìkọ́lé yìí lágbára, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí iṣẹ́ kíláàṣì, ohun tó ń so ẹ́ńjìnì mọ́ gíà tó sì ń já a, gùn, nítorí pé àpótí gíà kò lè bọ́ sílẹ̀ àfi bí wọ́n bá tú páìpù náà kúrò lára rẹ̀ tí wọ́n sì tì í sẹ́yìn. Nítorí náà ni iṣẹ́ ọwọ́ kíláàṣì 504 fi máa ń wọ́n ju bí ojú ohun èlò rẹ̀ ṣe rí lọ. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí àpótí gíà bá ti wà nílẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ díìsì kíláàṣì, àwo tó ń tẹ̀ ẹ́, bíárìn rẹ̀, àti rọ́bà tó ń dènà ọ́ìlì lẹ́yìn ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀kan náà, torí owó iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn yóò jẹ.

Gíà tó bá ṣòro láti wọlé kò túmọ̀ sí pé àpótí gíà ti bàjẹ́. Lára àwọn 504 tí ọ̀pá gíà wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn, búṣìn kéékèèké tó wà ní oríkèé àwọn ọ̀pá náà máa ń jẹ, awakọ̀ a sì máa wá gíà kiri bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ má gbà kí wọ́n tú àpótí gíà títí wọn yóò fi wo àwọn búṣìn yìí. Ní ti ẹ̀yìn, ìró gbò-gbò nígbà tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ kúrò lórí epo sábà máa ń wá láti ara rọ́bà ìdí difíráńṣà, ṣùgbọ́n igbe híhó tó ń pọ̀ sí i bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i jẹ́ ti bíárìn tàbí eyín inú rẹ̀, ìyẹn sì ni ìnáwó gidi.

Sítíárìn, ṣọ́ọ̀kì àti búréèkì

Ọ̀nà tí kòtò pọ̀ lójú rẹ̀ kì í kọ́kọ́ ba ẹ́ńjìnì jẹ́; rọ́bà àti oríkèé iwájú ni ó kọ́kọ́ ń jẹ. Bí wọ́n bá fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, kí wọ́n di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kí wọ́n mì ín. Bí ó bá ń mì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí bíárìn táyà ti jẹ. Bí wọ́n bá dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì tó sì ń mì, oríkèé sítíárìn ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó ti jẹ rìnrìn àjò lọ sí Abẹ́òkúta tàbí Èkó, nítorí pé bí ó bá já, táyà yóò dùbúlẹ̀ lójú eré.

Ní ti búréèkì, omi búréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ọ̀rinrin agbègbè yìí sì pọ̀, omi náà a máa fa ìpata sínú másítà, ìyẹn pọ́ńpù tó ń ti omi búréèkì lọ sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pípààrọ̀ omi náà ní ọdún méjì-méjì kò ná ni ní owó púpọ̀, ṣùgbọ́n àìpààrọ̀ rẹ̀ ni ó ń sọ másítà àti sílíńdà táyà di ohun rírà.

Ìpata, àti ọkọ̀ tó ti ṣe fàyàwọ́

Abẹ́ ilẹ̀kùn, ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ilẹ̀ ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sí àti ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ara ọkọ̀ ni ìpata ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà tuntun lè bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà kí ẹni tó fẹ́ rà á mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání: ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì kò bá ti lẹ̀ mọ́, fílà tí páńẹ́lì-bítà fi dí ihò ni ó wà níbẹ̀.

Ní ẹnubodè, àyẹ̀wò mìíràn tún wà. Wọ́n ti lo ọ̀pọ̀ ẹsitéètì àti pikọ́ọ̀pù fún fàyàwọ́ ìrẹsì àti epo rí, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ti ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmì rẹ̀ ni sípíríǹgì ẹ̀yìn tí wọ́n fi irin kún, àga ẹ̀yìn tí ìdè rẹ̀ ti sọnù, ojú wẹ́dà lára ṣáàṣí, àti tánkì tí kì í ṣe èyí tí ilé-iṣẹ́ ṣe. Kí olùrà fi nọ́ńbà ṣáàṣí wé èyí tó wà nínú ìwé ọkọ̀, kí ó sì béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù bí ọkọ̀ náà kì í bá ṣe ti Kàdúná, nítorí pé láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè ilẹ̀ wọlé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó

Iye owó tí ìwé bá kọ sílẹ̀ lónìí lè di ìtàn lọ́la. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan tó ń lọ ní nǹkan bí ₦460 ní báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó sì kọjá ₦1,500 ní ọdún 2024. Bẹntiróòlù tó jẹ́ nǹkan bí ₦185 fún lítà kan di nǹkan bí ₦500 láàrin ọjọ́ díẹ̀ ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023. Nítorí náà, ọ̀nà ìṣirò ni ó wúlò fún òǹkàwé ju iye kan pàtó lọ.

Apá mẹ́ta ni gbogbo owó àtúnṣe pín sí: owó ohun èlò, owó iṣẹ́ ọwọ́, àti owó ìrìn. Ohun èlò 504 wà ní oríṣi mẹ́ta: tuntun ojúlówó, tuntun tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, àti tòkunbọ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn. Ọjà Ládípọ̀ ní Èkó àti ọjà Géètì ní Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì Yewa ń lọ, àwọn mìíràn sì ń ré ẹnubodè kọjá lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kùtọ́nù, nítorí pé ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní ilẹ̀ tí Faransé ti ṣe ìjọba rí. Ẹni tó bá ra nǹkan níbẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé pé owó CFA, tí ará ẹnubodè ń pè ní sẹ́fà, so mọ́ owó Yúróò, 655.957 sẹ́fà fún Yúróò kan, nítorí náà bí náírà bá já wálẹ̀, ohun tó pọ́ọ́kú lánàá ní Kùtọ́nù lè wọ́n ju ti Ládípọ̀ lọ lónìí. Kò gbọdọ̀ gbàgbé pẹ̀lú pé ọ̀nà lè dí: láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni wọ́n ti ti ẹnubodè, Ìdí-Ìrókò kò sì ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022.

Ìnáwó ipele kìíní ni plọ́ọ̀gì, kọ́ńtáàtì, kábọ̀nù fáànù, ìdérí ràdíétọ̀, bẹ́lítì, fílítà, omi búréèkì àti búṣìn ọ̀pá gíà. Owó ìrìn lè ju owó ohun èlò lọ nínú ipele yìí, torí náà kí wọ́n rà wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ipele kejì ni ràdíétọ̀, wọ́tà pọ́ǹpù, rọ́bà àti oríkèé iwájú, ṣọ́ọ̀kì, másítà búréèkì àti kíláàṣì. Níbí, kí wọ́n gba iye owó lọ́wọ́ mẹkáníìkì méjì ó kéré tán, kí wọ́n sì ya owó ohun èlò sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́ ọwọ́. Ipele kẹta ni títún ẹ́ńjìnì ṣe pẹ̀lú sílíífù àti pisitíìnì tuntun, difíráńṣà, àti wẹ́dà ara ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀dà. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí wọ́n bá pè kún un nítorí ohun tí ojú kò tíì rí, bí àpapọ̀ rẹ̀ bá sì ju iye tí 504 mìíràn tó dára ń lọ ní agbègbè náà, ó sàn kí ó ra ti ìkejì kí ó sì fi ti àkọ́kọ́ ṣe ohun èlò.

Tòkunbọ̀ dára fún ohun tí ojú lè wò tán, bí ilẹ̀kùn, iná, àga àti àpótí gíà tí wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀ kí wọ́n tó tú u. Kò dára fún ohunkóhun tó jẹ́ rọ́bà, ohun búréèkì tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ọjọ́ orí ohun wọ̀nyí kì í hàn lójú. Kí wọ́n gba risíìtì, kí wọ́n sì gba ohun àtijọ́ tí mẹkáníìkì yọ padà, kí ó lè dá wọn lójú pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́.

Ètò ìnáwó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra 504 àgbà

Búréèkì àti sítíárìn ni kí owó àkọ́kọ́ bá lọ, nítorí pé ẹ̀mí ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun tó jẹ mọ́ omi àti fáànù, kí ẹ́ńjìnì má bà á kọjá sí ipele kẹta. Ẹ̀kẹta ni tánkì epo, kábúrétọ̀ àti iná. Ẹ̀kẹrin ni kíláàṣì àti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọ̀dà ni kí ó gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń yí ètò yìí padà, tí wọ́n ń kun ọkọ̀ kí ó máa dán nígbà tí ràdíétọ̀ rẹ̀ ń jò, tí wọn kò sì ní owó mọ́ nígbà tí tọ́ọ̀pù bá tẹ̀. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ọjọ́, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, iye tí ohun èlò jẹ́ àti iye kìlómítà sí. Lẹ́yìn ọdún kan, ìwé náà ni yóò sọ fún un bóyá ọkọ̀ náà ń gba ìtọ́jú ni tàbí ó kàn ń jẹ owó.